Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Àwọn kan ń wí pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀nà àtijẹ-àtimu kò yẹ àwọn tí ń kọ́ ère gbígbẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ owó bá ti wọ inú ọnà, ó bàjẹ́ nìyẹn. N kò gbà! Ààfin ni ó bẹ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì níṣẹ́. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ ni a pàtẹ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924. Ṣé iṣẹ́ àbẹ̀ṣe ba ọnà rẹ̀ jẹ́ ni?

Èyí tí ó ń dùn mí ni irú ẹni tí à ń pè wá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbẹ́ odó rí ni yóò máa ka ìwé fún agbẹ́gilére! Lámidi Fákẹ́yẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì kí ó tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Irú rẹ̀ ni kí a máa pè, kí ó kọ́ni bí a ti ń ra igi, bí a ti ń díyelé iṣẹ́, àti bí a ti ń bá oníbàárà ṣe àdéhùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìwé-ẹ̀rí kì í gbẹ́ ère; ère tí a kò sì mọ iye rẹ̀ kì í bọ́ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.