Ọmọ Tí Kò Jíwèé Wò Ló Ń San Gbèsè

Bí ọmọ bá fi ipò kìíní jáde ní yunifásítì, tó kọ̀wé wáṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn báńkì ńlá tó tò sí Marina, wọn kò ní torí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gbà á síṣẹ́. Wọn á kọ́kọ́ gbé e jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọn á tún bi í ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì tó ti yege nínú rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn yunifásítì pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn tipẹ́: láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń fi ìdánwò mìíràn yẹ ọmọ tí JAMB ti fún ní máàkì wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn jíwèé wò, máàkì wọn kò sì bá ohun tó wà lágbárí mu. Adamu Adamu, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, fòfin de ìdánwò náà ní 2016. Kò pẹ́ tó fi padà wá. Owó fọ́ọ̀mù, owó ọkọ̀, àìsùn kún àìsùn: ta ló ń san án? Ọmọ tó fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ ni. Àwọn olùkọ́ wa máa ń sọ pé ẹni tó jíwèé wò ń tan ara rẹ̀ jẹ. Èmi kò gbà. Olè ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń jà lólè.

Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, ti túdìí irú ọ̀ràn yìí ní 1785. Ó ní ká wo ẹni tó fẹ́ yáwó, tó ṣèlérí pé òun á san án, tó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní í san. Bí gbogbo ayé bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò gba ìlérí gbọ́ mọ́, irọ́ náà kò sì ní tà. Àfi kí olóòótọ́ wà kí òpùrọ́ tó rí jẹ. Ẹ wo àwọn tó ń ta gàrí ní Èbúté Èrò. Ẹni tó gbá ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú ń jèrè níwọ̀n ìgbà tí àwọn yòókù bá ṣì ń wọn ọjà bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tí àṣírí bá tú, oníbàárà á máa gbé kóńgò tirẹ̀ bọ̀ láti ilé, á sì fi tún gàrí gbogbo wọn wọ̀n, ti olóòótọ́ àti ti arẹ́nijẹ. Kóńgò àtilé wá ni ìdánwò báńkì àti ti yunifásítì. Ohun tí Kant fi ọgbọ́n orí rò ní ohun tó lé ní 200 ọdún sẹ́yìn, a ti fojú rí i ní Nàìjíríà.

Àwọn kan á ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, wọn á sì rán wa létí expo 1977, tí ìbéèrè WAEC tú sígboro. Bó bá jẹ́ gbogbo èèyàn lóòótọ́, kò ní sí èrè nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò náwó lé e. Àtakò tó lágbára ni ti tálákà: kíláàsì kún àkúnya, olùkọ́ físíìsì kò sí, báwo ni ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe fẹ́ yege? Òótọ́ ni ẹ̀sùn náà, mi ò sì ní bá ìjọba bo àṣírí. Ṣùgbọ́n expo kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mírákù sẹ́ńtà, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ tó ń ta ìdáhùn ìdánwò, ń gbowó gọbọi lórí owó WAEC kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnì kan wọlé wá kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ìyá tó ń ta ata ní Ọbun Èkó kò nírú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní in ló fi ń ra àyè tí ọmọ aláta ì bá wọlé sí ní Unilag. Ẹ yé fi aṣọ tálákà bo olówó.

Òbí á dáhùn pé ọmọ òun lòun ń ràn lọ́wọ́, pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ó dára. Ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ ni àwọn àgbà ní kó so mọ́ ọmọ rẹ̀ nídìí. Wọn kò ní kó já ti ọmọ aládùúgbò. Owó ẹ̀kọ́ àfikún, ìwé kíkà, jíjí ọmọ lóru kó lè ka ti ọ̀la, gbogbo ìyẹn ni ìlẹ̀kẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjìyà ló kù. Òfin ológun ti 1984 sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ni, ìkà gbáà sí ọmọdé. Òfin 1999 tó wà nílẹ̀ báyìí mọ́gbọ́n dání jù ú lọ: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè sanwó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, tàbí méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ àti alámòójútó ìdánwò kò ní àǹfààní owó ìtanràn rárá, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin gbáko ni. Síbẹ̀ èsì ọmọ ni a sábà máa ń gbọ́ pé wọ́n fagi lé, ẹni tó gbowó á sì tún ṣí ilẹ̀kùn fún sáà tó ń bọ̀. Kí ìjọba fi àwọn ọmọ sílẹ̀ ná, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé onílé ẹ̀kọ́ lọ sí kóòtù, kí orúkọ òbí tó sanwó sì wà lórí ìwé ẹ̀sùn kan náà.