Ẹni Ogójì Ọdún Nílé Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì: Ta Ni Ó Ní Kò Tọ́?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, ó sì tó àkókò kí a dá orin náà dúró. Bí obìnrin tí ó ti pé ọdún 35 tàbí 40, tí ó ti bímọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bá sọ pé òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀rín ni a fi ń pàdé rẹ̀. Àwọn kan á ní, "Ìyá Sùlè, ọjọ́ ti lọ." Àwọn kan á bi í pé ta ni yóò máa se oúnjẹ. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀sìn bo àìmọ̀kan wọn lójú, tí wọ́n ń wí pé ohun tí ó kan obìnrin kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ dá lóhùn, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó ń gbẹ̀bí àwọn aya wa? Nígbà tí ìrọbí bá mú obìnrin, ọkọ rẹ̀ tí ó ka ìtìjú sí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, yóò máa bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n jọ̀wọ́, obìnrin ni kí ó wọlé tọ aya òun. Ó dára, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà ni ó kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí aya rẹ̀ fẹ́ ra fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ ta ni ó fẹ́ kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà? Aya ta ni ó fẹ́ kí ó máa ṣe àìsùn lórí aya tirẹ̀? A kì í kọ̀ láti gbin iṣu, kí a tún máa bínú pé a kò rí iyán jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọjọ́ ti lọ, ẹ wo ìtàn ẹ̀sìn yín. Ẹni ogójì ọdún ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun nígbà tí ìmísí kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ fún un, àṣẹ kíkà ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sàábà ni wọ́n ti di àgbà, tí wọ́n ti ní aya àti ọmọ, kí wọ́n tó mọ ohunkóhun nínú ẹ̀sìn yìí. Imaam Bukhari pàápàá ṣe àkíyèsí rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀, pé àwọn sàábà Ànọ́bì wá ìmọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà. Bí ó bá sì jẹ́ ti iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, ṣé ẹ kò mọ Rufaydah, obìnrin ìran Aslam? Inú àgọ́ rẹ̀ nínú mọ́sálásí Mọ̀dínà ni a gbé Sa'd ọmọ Mu'aadh lọ fún ìtọ́jú nígbà tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Kòtò, ní ọdún karùn-ún Hijira. Umm Atiyyah bá Ànọ́bì lọ sí ogun méje, ó ń se oúnjẹ, ó ń wo àwọn tí ó gbọgbẹ́. Ta wá ni ó sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí kò bá obìnrin Mùsùlùmí mu?

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ilé. Kofoworola Abeni Pratt kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni a fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Èkó, ó sì ti wọ ilé ọkọ, kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1946. Iṣẹ́ kejì ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹ́ fún un. Síbẹ̀, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn, ní 1964, Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa Àgbáyé sì fi àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale dá a lọ́lá ní 1973. Bí wọ́n bá ti fi "ọjọ́ ti lọ" dá a dúró ńkọ́?

Ìṣirò náà kò le. Obìnrin tí ó pé ọdún 38 lónìí yóò di ẹni ọdún 42 lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, yálà ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí kò lọ. Ọdún kò ní dúró dè é nítorí pé ó jókòó sílé. Bí a bá tilẹ̀ fi 60 ọdún ṣe òpin iṣẹ́ ìjọba, ó ṣì ní ọdún 18 láti fi ṣiṣẹ́. Ìgbà tí oníkálukú bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀.

Wàyí o, ẹ̀yin arábìnrin wa, èmi kò ní tàn yín. Ẹ̀kọ́ náà le. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni a ń bèèrè: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì, ìjókòó ìdánwò kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń bèèrè JAMB pẹ̀lú. Ẹni tí ó ti fi ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn ní láti padà lọ jókòó ti olùkọ́ lẹ́sìn, kí ó má tijú. Bí ó bá wọlé tán, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara ń bẹ, ẹ̀kọ́ nípa oògùn ń bẹ, iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù ń bẹ, ìdánwò àṣekágbá ti Ìgbìmọ̀ àwọn Nọ́ọ̀sì àti Àgbẹ̀bí sì ń dúró dè é níwájú. Bí dókítà bá ní kí a fún ọmọ ní oògùn 250 mílígíráàmù, tí ó jẹ́ pé 125 ni ó wà nínú mílílítà márùn-ún, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mílílítà mẹ́wàá ni yóò wọ̀n. Ẹni tí ó bá ṣi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe lè pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ bá ẹ̀kọ́ yìí ṣeré.

Ṣùgbọ́n àgbà ní ohun tí ọmọdé kò ní. Ẹni tí ó ti jí lóru lórí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí ó ti tọ́jú ìyá ọkọ lórí àkéte àìsàn, ti mọ sùúrù kí ó tó mọ ìwé. Kí ó fi àárọ̀ kùtù lẹ́yìn ìrun àsùbáà kàwé, nígbà tí ilé ṣì dákẹ́. Kí ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré tí yóò máa gbé káàkiri. Kí ó wá ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọn yóò jọ máa kàwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni wọ́n tó, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí ó má sì bínú bí tísà tí ó kéré sí i bá bá a wí. Ẹni tí ó bá gbé ipò ìyálé wọ kíláàsì yóò gbé òfo jáde.

Ohun méjì ni mo kìlọ̀ fún un pé kí ó sá fún. Ìkíní ni irọ́ ọjọ́ orí. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá fi gbèdéke ọjọ́ orí sí ìwé rẹ̀, kí ó wá òmíràn tí yóò gbà á. Kí ó má lọ búra ní kóòtù pé ẹni ọdún 40 jẹ́ ẹni 28. Báwo ni a ó ṣe fọkàn tán akọsílẹ̀ ìfúnpá tí ẹni tí ó parọ́ orí ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún aláìsàn? Ìkejì ni ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ń gba àwọn obìnrin, wọ́n ń fi aṣọ funfun wọ̀ wọ́n, wọ́n ń kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́ gígún fún oṣù díẹ̀, wọ́n sì ń pè wọ́n ní nọ́ọ̀sì. Òfin kò mọ̀ wọ́n, Ìgbìmọ̀ kò forúkọ wọn sílẹ̀. Àṣìṣe wọn a máa di òkú, owó oṣù wọn kì í sì í tó jẹun.

Àwọn kan yóò ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, a kò fojú di í. Obìnrin tí ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ lè dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n "dúró díẹ̀" yàtọ̀ sí "má lọ mọ́." Àwọn ọmọ náà sì ní bàbá! Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń pe ara yín ní alátẹ̀lé sùnnà, ṣé irùngbọ̀n nìkan ni ẹ rí nínú rẹ̀? Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó ń rán bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ni ó dé tí sùnnà fi dópin ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yín?

Kò tán síbẹ̀. Àwọn mọ́sálásí wa ń kó owó jọ fún wòlímọ̀, a ń dá aṣọ ẹgbẹ́, a ń pa màlúù. Bí mọ́sálásí kan bá yọ díẹ̀ nínú owó yìí sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, tí ó fi san owó ilé ẹ̀kọ́ arábìnrin kan ṣoṣo, kò ní pẹ́ tí àwọn aya wa kò fi ní máa wá nọ́ọ̀sì obìnrin tì. Kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù máa bá a tọ́jú ọmọ ní ìdákúrekú. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ kẹ́mísìrì àti ìṣirò jókòó ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n yín láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀san rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ẹni tí kò bá lè ṣe ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ jọ̀wọ́, kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó bá di aláìsàn, tí ọwọ́ tútù obìnrin kan bá kàn án níwájú orí lóru, kò ní bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni ó wà nígbà tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn arábìnrin wa ní òye àti ìfaradà, kí Ó sì la àwọn ọkọ wa lójú. Aamiin.