Ọ̀rọ̀ fún Ilé Wa: Ọmọ Orí Òkè Nínú Ìdíje Ọkọ̀

Ìyá kan ní Àjọwá tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìsìn, ó ní ọmọ òun tí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ ránṣẹ́ pé a ti yan òun mọ́ àwọn tí yóò tukọ̀ níbi ìdíje. Inú ìyá náà dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi rò ó. Ṣé kí n kọ̀ fún un ni?” A bi í bí ọmọ náà bá mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ó dáhùn pé, “Níbo ni ìbá ti kọ́ ọ, láàárín àpáta wọ̀nyí?”

Nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni òkè Àkókó àti omi Ìlàjẹ wà. Ọmọ Ìlàjẹ a máa bá omi ṣeré láti kékeré. Ọmọ tiwa kò mọ̀ ju odò kékeré tí a ti ń pọnmi lọ. Odò kì í kún bo ẹja lójú, ṣùgbọ́n a kò bí ọmọ Àkókó ní ẹja.

Síbẹ̀ àwa kò ní kí ó kọ̀. Ọkọ̀ títù jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀yẹ. Ní ọdún 2016, Chierika Ukogu tukọ̀ fún Nàìjíríà níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Rio, òun ni ó sì kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ wa. Ohun tí a bẹ̀rù jù ni ìtìjú: kí ọ̀dọ́mọkùnrin jókòó láàárín àwọn tí ó mọ omi, kí ó má sì lè la ẹnu pé, “Èmi kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́.”

Kò sí atukọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè rì. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ọdún 1912, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford àti ti Cambridge ń díje lórí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Omi ru, ó sì kún ọkọ̀ méjèèjì. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ni wọ́n tún un tù, Oxford sì borí. Ẹni tí ó bá wà láàyè ni í tún díje.

Ẹ rántí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27. Ọkàn 276 ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fọ́, a kò dójú ti ẹnikẹ́ni: àwọn tí ó lè lúwẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ bọ́ sí omi, àwọn ìyókù di pákó àti àfọ́kù ọkọ̀ mú, gbogbo wọn sì gúnlẹ̀ láyọ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí a rán sí ọmọ náà nìyí. Kí ó jẹ́wọ́ fún olórí ọkọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Bí ó bá sì ní àìsàn tí í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, kí ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí ó wọ ẹ̀wù amúniléfòó, èyí tí wọ́n ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ó dè é pinpin. Èyí tí a fi ṣe ìjókòó kò gba ẹnikẹ́ni là. Kí ó má fi ẹnu kan ọtí. Bí mànàmáná bá kọ, kí wọ́n wá èbúté. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí ó dì í mú, nítorí ọkọ̀ igi a sábà máa léfòó. Kí ó má gbìyànjú láti wẹ̀ dé èbúté, bí ó ti wù kí ó dàbí pé ó súnmọ́ tó. Kí wọ́n sì ka ara wọn, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó kù.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ṣètò ìdíje, ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Ẹ fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àti okùn sí ìtòsí kí ẹ tó fun fèrè. Bí ẹnìkan bá ń rì, ẹ ju okùn tàbí kéègì òfìfo sí i. Ẹni tí ó bẹ́ lé e lórí lásán lè bá a lọ.

Ọmọ tí ó gba ipò kejì, tí ó sì padà wá jẹ iyán ìyá rẹ̀, kò pàdánù ohunkóhun. Kí Olúwa pa àlọ àti àbọ̀ wọn mọ́. Àmín.