Ẹni Tó Kó O Náà Ti Gbàgbé

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òwe yìí kò fẹ́ àlàyé. Ọmọ ọlọ́dún méje mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwa tí òwe ń bá wí ti fẹ́ sọ ọ́ di irọ́. Kí òjò ṣáà ti rọ̀, kí Mile 12 ní Èkó dí pa, kí danfo má lọ síwájú kó má lọ sẹ́yìn, ẹnìkan á sọ ọ́ dandan: "Òyìnbó ò bá kúkú padà wá gba ìlú wọn." Gbogbo ọkọ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní òótọ́ ni. Mo ti gbọ́ ọ ní Kétu, mo ti gbọ́ ọ ní Ìkòsì, lẹ́nu ẹni tó ń ta tòmátì àti lẹ́nu ẹni tó kàwé gboyè. "Ìlú wọn" ni wọ́n ń wí o.

Ìlú wọn láti ìgbà wo? Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà, wọ́n ń yin ìbọn àgbá lu erékùṣù Èkó títí iná fi sọ. Àgídìngbì ni àwọn ará Èkó pe ogun náà. Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ, ó sì wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n dá Akítóyè, tó ti jọba ṣáájú rẹ̀, padà sórí oyè. Ọdún mẹ́wàá kò tíì pé tí Prometheus, ọkọ̀ ogun mìíràn, tún fi dúró lójú omi. McCoskry tó ń ṣojú ìjọba wọn, pẹ̀lú Bedingfield ọ̀gá ọkọ̀ náà, gbé ìwé síwájú Ọba Dòsùnmú ọmọ Akítóyè pé kó fi Èkó sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ̀. Wọ́n rán an létí pé àgbá ṣì ń bẹ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, ó tọwọ́ bọ̀wé. Àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dún ni wọ́n fi ṣe owó ìfẹ̀yìntì fún un. Kò pẹ́ tó fi kọ̀wé ẹ̀hónú sí Ọbabìnrin Victoria. Ta ló dá a lóhùn?

Ẹlòmíràn á ní Kòsọ́kọ́ ń ta ẹrú, òyìnbó ló wá dá òwò náà dúró. Kòsọ́kọ́ ń ta ẹrú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń rà á láti ayébáyé, tó fòfin dè é ní 1807, tó wá di adájọ́, tó sì kó ilé ẹni tó dá lẹ́jọ́ lọ, ẹ má fi oore rẹ̀ dá mi lọ́nà.

Ẹni tó kó o tí kò gbàgbé wà: ẹ wo Barbados. Erékùṣù ni, gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò tó èèyàn ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ tí Mile 12 wà nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1627, wọ́n gbin ìrèké, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ ṣe oko rẹ̀, wọ́n sì ṣòfin ẹrú fún wọn ní 1661. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tú ẹrú sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ abẹ́ wọn, 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n yà sọ́tọ̀, olówó ẹrú ni wọ́n sì fún. Ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Barbados gbòmìnira ní 1966, síbẹ̀ kò gbàgbé. Ní oṣù Kọkànlá 2020 wọ́n yọ ère Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, kúrò láàárín Bridgetown olú ìlú wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2021, Ọbabìnrin Elizabeth kò jẹ́ olórí wọn mọ́, Sandra Mason di ààrẹ. Àwọn yẹn kó o, wọ́n sì rántí òórùn rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Orúkọ Glover wà lára gbọ̀ngàn ní Èkó, ó wà lára títì ní Ìkòyí. Òun ló ń ṣàkóso Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì lé ọmọ ogun Ẹ̀gbá tó dó ti Ìkòròdú ní oṣù Kẹta 1865. Ìkòròdú jàǹfààní rẹ̀, mi ò jiyàn, àmọ́ ọ̀nà ọjà Gẹ̀ẹ́sì ni Glover ń là. Lára àwọn tó jà fún un ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun West India Regiment, ẹgbẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi owó ra ẹrú kún nígbà tí wọ́n ń dá a sílẹ̀. Nínú àwa tí à ń wọkọ̀ Ìkòròdú ní Kétu lójoojúmọ́, ta ló mọ̀?

Òwe mìíràn wà tó gbé ẹjọ́ yìí kúrò lọ́rùn àwọn ọ̀dọ́: bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Ta wá ni ó rọ́ ọ fún wọn? Ìjọba tiwa, kì í ṣe ti òyìnbó, ló yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ohun tí ọmọ pírámárì àti JSS ń kọ́ ní nǹkan bí 2009, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó ní ká dá a padà. Nínú agbo ilé náà ńkọ́? Àgbà wà ní Ìkòsì tó lè ka ààlà ilẹ̀ baba rẹ̀ láti ìdí pèrègún kan dé òmíràn, tó mọ ẹni tó jẹ́ baálẹ̀ nígbà tí wọ́n gbìn ín, tó sì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lákọ̀ọ́sórí, torí ẹjọ́ wà ní kóòtù, plọ́ọ̀tì kan sì ti di owó ńlá. Ẹ bi í nípa 1861. Á ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn.