Ẹ Má Ṣe Pa Ẹ̀dà Àtijọ́ Rẹ́

Níbi ìpàdé kan tí àwa onífọ́tò ṣe láìpẹ́ yìí ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ọkùnrin kan tí wọ́n pè láti wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ dìde dúró, ó sì là á mọ́lẹ̀ níwájú tọmọdé tàgbà pé onífọ́tò tí ó bá ń sunkún nítorí pé plug-in rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí ó gba ẹ̀dà sọ́fítíwíà tuntun, onítọ̀hún kò mọ iṣẹ́, àti pé ohun tí kò bá lè bá ẹ̀dà tuntun rìn, ààtàn ni kí a dà á sí. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́, mo sì ń wí i níhìn-ín láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé ọkùnrin náà ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà: ẹni tí ó bá pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ kí ó tó rí i dájú pé gbogbo àfikún tí ó fi ń jẹun ń ṣiṣẹ́ nínú tuntun, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

Fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ wa, plug-in ni àfikún tí ẹlòmíràn ṣe, tí a wá so mọ́ sọ́fítíwíà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, kí ó lè ṣe ohun tí sọ́fítíwíà náà kò lè dá ṣe dáadáa, bí irú Portraiture tí ó ń mú kí awọ ojú jọ̀lọ̀ láìsọ ojú ènìyàn di ojú ère. Alágbẹ̀dẹ ni ó rọ àdá, gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó gbẹ́ èèkù. Bí alágbẹ̀dẹ bá wá rọ àdá tuntun tí ìrù rẹ̀ nípọn ju ti àtijọ́ lọ, èèkù tí ó ti mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ kò ní wọ̀ ọ́, kì í sì í ṣe pé àgbẹ̀ náà kò mọ oko ro.

Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo ń ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò ìgbéyàwó tí mo ní láti kó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ álíbọ́ọ̀mù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì ti parí ojú ewé kọkànlá nígbà tí oorun gbé mi lọ. Ọmọṣẹ́ mi, ọmọ tí kì í ṣe aláìgbọ́ràn, rí i tí kọ̀ǹpútà ń béèrè bóyá kí òun gba ẹ̀dà tuntun, ó sì tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò rí àpótí kékeré ìsàlẹ̀ tí àwọn tí ó ṣe é ti fi àmì sí de ènìyàn, tí ó ní kí a yọ ẹ̀dà àtijọ́ kúrò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí ibi tí a kọ Filter sí, mo wò ó dé ìsàlẹ̀, ibi tí àfikún mẹ́ta máa ń tò sí ti ṣófo bí ilé tí onílé ti kó jáde. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n fi ohun tí sọ́fítíwíà náà ní lọ́wọ́ tún ojú ìyàwó ṣe nínú àwọn ojú ewé tí ó kù. Nígbà tí ìyá ìyàwó gba álíbọ́ọ̀mù, ó wo ojú ewé kọkànlá, ó wo ìkejìlá, ó ní, “Ọ̀gá onífọ́tò, ṣé ọmọ mi kan náà nìyí?” N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Olùkọ́ wa ní òun ní ìdáhùn. Ó ní ẹ̀dà tuntun ti ní ọgbọ́n àtọwọ́dá tirẹ̀ tí ó ń pa àbàwọ́n ojú rẹ́, ta ni ó tún ń wá àfikún? Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ṣe álíbọ́ọ̀mù fún oníbàárà rí nìyí. N kò sọ pé ohun tuntun kò dára. Iṣẹ́ tí a fi ohun èlò kan bẹ̀rẹ̀ ni mo ní kí a fi ohun èlò náà parí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ìlànà tí mo tò sínú àfikún mi, èyí fún awọ dúdú tí ó ń dán lábẹ́ iná gbọ̀ngàn, èyí fún awọ pupa tí oòrùn ti pa, èyí fún ìyá arúgbó tí a kò gbọdọ̀ pa ìhunjọ ojú rẹ̀ rẹ́ nítorí pé òun ni ọlá rẹ̀, ọdún méje ni mo fi kó wọn jọ, ọgbọ́n tí ó dé lánàá kò bá mi tò ọ̀kan nínú wọn. Ó tún ní ògidì òṣìṣẹ́ kì í gbára lé àfikún. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Àwọn ọ̀gá wa àtijọ́ tí wọ́n ń fi pẹ́ńsù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tún ojú ènìyàn ṣe lára fíìmù ńkọ́, ṣé ẹni tí ó ṣe fíìmù ni ó ṣe pẹ́ńsù fún wọn? Ṣé ẹnikẹ́ni sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dá pẹ́ńsù náà sí méjì ní ọjọ́ tí fíìmù tuntun dé ọjà? Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ọkùnrin yìí kò sì wọ bàtà wa rí.

Mo mọ irú ẹnu bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ gba ìgboro, irú rẹ̀ kan ni ó wá bá ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ pé kí ó ta ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ fọ́tò, pé ayé ti kọjá ibẹ̀. Bàbá tà á. Kò pé ọdún kan tí ìyá ìbejì kan wá, tí Táyé rẹ̀ ti kú, tí ó sì ń bẹ̀ wá pé kí a ṣe fún òun bí àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún ti ń ṣe é ní àwọn ọdún 1970, kí a tẹ àwòrán Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó ti ara wọn. Fíìmù Kẹ́hìndé wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rọ ni kò sí mọ́. Bàbá dá obìnrin náà padà pẹ̀lú owó rẹ̀. N kò tíì dárí ji ẹni tí ó fún bàbá ní ìmọ̀ràn yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àfikún ni ó gbó. Nígbà tí Photoshop, sọ́fítíwíà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, bọ́ sórí bíìtì 64, ní 2008 lórí Windows àti ní 2010 lórí Mac, àfikún bíìtì 32 kò lè wọ inú rẹ̀, bí ó ti wù kí ó dára tó. Nígbà tí Apple gbé M1, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, jáde ní 2020, àfikún tí a kọ fún ti Intel kò ṣiṣẹ́ nínú Photoshop tí a wá kọ fún M1, àfi bí a bá fi Rosetta, ògbufọ̀ Apple, ṣí Photoshop náà. Sọ́fítíwíà GIMP tí a kì í san kọ́bọ̀ fún pàápàá, nígbà tí 3.0 rẹ̀ jáde ní 2025, àwọn tí ó kọ àfikún fún 2.10 ní láti padà lọ tún un kọ. Àkójọ àfikún Nik Collection ńkọ́? Google rà á ní 2012, ó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní 2016, ó ní òun kò ní tún un ṣe mọ́ ní 2017, tí kì í bá ṣe ti DxO tí ó rà á ní ọdún yẹn kan náà, ibẹ̀ ni ìbá parí sí. Nínú gbogbo èyí, onífọ́tò kọ́ ni ó yí ìrù àdá padà. Àwọn tí ó yí i padà ni ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, kí ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́, pé àfikún báyìí-báyìí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo tún wí i: ẹ má ṣe pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi nísinsìnyí, ẹ̀dà méjì ni ó ń gbé pọ̀. Mo máa ń ṣí fọ́tò kan náà nínú méjèèjì, n ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oṣù mẹ́ta ni mo sì fi ń wò ó kí n tó yọ èyí àtijọ́. Ìwé aláwọ̀ búlúù kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi tí mo fi bírò kọ nọ́ńbà àfikún kọ̀ọ̀kan sí, àti ọjọ́ tí mo rà á, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gbà pé kí a kàn kó fáìlì láti inú fódà Plug-ins àtijọ́ sínú tuntun. Òmíràn ń fẹ́ kí a tún un fi sórí kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì béèrè nọ́ńbà rẹ̀ bí oníbodè. Nígbà tí ọmọṣẹ́ mi fẹ́ ṣe fírídọ̀mù, kí n tó buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí rẹ̀, mo ní kí ó jókòó, kí ó ṣí ìwé búlúù náà, kí ó sì da bí mo ṣe ń kọ ọ́ kọ sínú tirẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó parí.