Ọ̀rẹ́ méjì jọ lọ sílùú ọba, ìwé ilé kan ṣoṣo ló fẹ́ tú wọn ká

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fẹ́ gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n bá ń di ẹrù òkè òkun. Ẹ wá gbọ́ tàwọn ọmọbìnrin méjì kan n'Íbàdàn, tí wọ́n jọ re ìlú ọba torí ẹ̀kọ́ ọdún kan péré.

Ká má dárúkọ wọn. Ìyá ọ̀kan ń ta aṣọ ní Gbági, ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní ọmọ aláṣọ. Bàbá èkejì jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, òun ni ọmọ tíṣà. Láti kíláàsì kìíní ní sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n ti ń jẹun nínú abọ́ kan. Aṣọ kan náà ni wọ́n ń rán lọ́dún Iléyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n parí yunifásítì, wọ́n sin ìjọba tán, iṣẹ́ gidi ò yọjú. Ni wọ́n bá ní, "Ó yá, ká jọ lọ."

Másítàsì ni wọ́n gbà, nílùú Manchester. Níbi púpọ̀ láyé, ọdún méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní England, ọdún kan ló sábà máa ń gbà, ìdí nìyí táwọn ọmọ wa fi ń rọ́ lọ síbẹ̀.

Owó ńkọ́? Yàtọ̀ sí owó ilé ìwé, ìjọba ibẹ̀ fẹ́ rí owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́sàn-án ní báńkì. Ní 2023 tí wọ́n lọ yìí, pọ́n-ùn 1,023 lóṣù ni fún ẹni tí kò ní gbé Lọ́ńdọ̀nù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9,207. Láti ìgbà náà, wọ́n ti fi owó kún un. Owó ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ sùn ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko. Ìyá aláṣọ ta ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan. Bàbá tíṣà kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sílẹ̀, ó tún yá kún un lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀.

Ní pápákọ̀ òfurufú n'Íkẹjà, lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìyá aláṣọ di ọwọ́ àwọn méjèèjì pọ̀. Ó ní, "Ẹ ò ní ìyá, ẹ ò ní bàbá níbẹ̀ o. Ara yín lẹ ní." Wọ́n ní, "A ti gbọ́, Mà."

Wọ́n dé Manchester, wọ́n rí ilé oníyàrá méjì, pọ́n-ùn 900 lóṣù, kálukú 450. Éjéǹtì gbé ìwé kan ṣoṣo jáde, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọn ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ejò sùn sí.

Ẹ gbọ́ bí òfin ibẹ̀ ṣe rí. Bí ẹni méjì bá jọ fọwọ́ sí ìwé ilé kan, kì í ṣe ìdajì ìdajì ni wọ́n jẹ onílé. Gbogbo owó náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ. Bí ọ̀kan bá kó lọ láìsanwó, ọrùn ẹni tó kù ni onílé yóò gbé e kọ́. "Mo ti san tèmi" kì í ṣe àwíjàre níbẹ̀.

Àfi bí náírà ṣe ṣubú. Oṣù kẹfà 2023 ni báńkì àpapọ̀ ti tú u sílẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó náírà 500 ní báńkì lóṣù karùn-ún ọdún náà ti kọjá 1,400 nígbà tí oṣù kejì 2024 wọlé. Pọ́n-ùn náà ń bá a gòkè. Owó tí bàbá tíṣà tọ́jú de ìdajì owó ilé ìwé tó kù, kò ra ìlàjì ohun tó yẹ kó rà mọ́.

Ilé ìwé dá ọjọ́ fún ọmọ tíṣà, ọjọ́ pé, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Ilé ìwé tó bá sì yọ orúkọ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba. Ìjọba a gé físà kúrú, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún un kó fi palẹ̀ mọ́. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Lóṣù karùn-ún 2024, ariwo ta nípa yunifásítì kan lápá àríwá England tó ṣe bẹ́ẹ̀ fáwọn ọmọ Nàìjíríà mélòó kan torí náírà kan náà.

Èyí tó dun ọmọ aláṣọ jù ni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba lẹ́tà ilé ìwé, ó sì fi pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tó ń pa ibùsùn dà ló rí i.

"Àṣé o mọ̀, o ò sọ fún mi?"

"Ojú ló ń tì mí."

"Èmi kẹ̀? Ojú mi ló ń tì ẹ́?"

Ọmọ tíṣà wọ bàálù padà sílé. Oṣù méjì gbáko ni ọmọ aláṣọ fi dá san pọ́n-ùn 900. Ẹnì kan wá fi iṣẹ́ alẹ́ lọ̀ ọ́, kó máa fi orúkọ ẹlòmíì ṣe é. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Bẹ́ẹ̀, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ọ̀pọ̀ ni ò sì mọ̀ pé fún ọmọ másítàsì, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó fi ń kọ ìwé àṣekágbá kì í ṣe họlidé, wákàtí 20 náà ló ṣì jẹ́. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ lè pàdánù físà, kí iṣẹ́ ọdún kan wọgbó.

Ọlọ́run bá a ṣe é, ó lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n bá a kọ̀wé sí éjéǹtì, wọ́n rí ọmọ mìíràn wọlé, wọ́n sì ṣe ìwé tuntun.

N'Íbàdàn ńkọ́? Ìyá aláṣọ ti gbaná jẹ. Ó kọrí sílé bàbá tíṣà, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín já ọmọ mi jù sínú òtútù!" Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tó lè bí lọ́mọ. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ọmọ yẹn ò jalè. Náírà ló jalè." Ará àdúgbò dá sí i. Wọ́n ṣírò pọ́n-ùn 900 tó jẹ́ ti ọmọ tíṣà, wọ́n ní kó máa san náírà 50,000 lóṣù, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tó yẹ kí wọ́n ti kọ kí wọ́n tó wọ bàálù!

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ á fi èyí kọ́gbọ́n. Láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó bá lọ ṣe másítàsì tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú aya tàbí ọkọ àtọmọ dání lọ sí Britain mọ́. Ọ̀rẹ́ ló wá di ẹbí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí kálukú fọwọ́ sí ìwé yàrá tirẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Kí kálukú mọ ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa san owó ilé ìwé, àti ibi tí owó náà ti ń bọ̀. Kí wọ́n jọ sọ ọ́ n'Íbàdàn níbí, lójú òbí méjèèjì, pé bí ọ̀kan bá ní láti padà, báwo ni ti ilé? Kì í ṣe èpè.

Àwọn tó ṣáájú mọ̀ ọ́n. Ní 1925 ni Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó ṣì ṣòro fún aláwọ̀ dúdú láti rí yàrá háyà. Nígbà tó di 1933, wọ́n ti ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ní òfin ló gbé ilé náà ró.

Ọmọ aláṣọ ti gboyè. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ àti fìlà. Ohun tí ìyẹn kọ padà ni, "O kú oríire. Màá san toṣù yìí lọ́jọ́ Ẹtì."

Gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Kó má jẹ́ òun ni yóò máa bá ọ̀rẹ́ wa sọ̀rọ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.