Adájọ́ tàbí onílàjà?

Bí mo bá ti Ọ̀ffà wọ Ẹ̀rìn-Ilé, ojú mi kì í rí ibi tí ìlú kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààlà yìí ti gbé wọn dé ilé ẹjọ́, ó sì ti fa ìjà. Ta wá ni adájọ́? Ẹni tó ń dá ẹjọ́ ni. Oní àti ìdájọ́ ló bí onídàájọ́. (Dá ọjọ́ náà, dájọ́ ló ń dà lẹ́nu wa!) Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n adájọ́ tó tilẹ̀ gbọ́ tọ̀tún-tòsì, yóò dá ẹnìkan láre, yóò sì dá èkejì lẹ́bi. Dá kan náà ni. Ìjà ni onílàjà ń là ní tirẹ̀. Ìlú méjì tó ń fẹ́ ọmọ ara wọn, onílàjà ni èmi yóò kọ́kọ́ bá wọn wá.